Ọmọ Oṣù Méje àti Àwọn Tó Ń Kì Í

Ilé tí mo fẹ́ ọkọ sí kò jìnnà sí Ṣàpọ́n. Ilé oníṣòwò àtijọ́ ni, ilé Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń ta aṣọ kí bàbá bàbá mi tó mọ ọ̀nà láti Ọ̀fàdà wá sí ìlú. Wọn kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Oko ìrẹsì ni wọ́n ti bí mi, nítorí náà ohunkóhun tí mo bá mọ̀ nílé yẹn, ìmọ̀ ará oko ni. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń ránṣọ wà nínú ilé náà gan-an, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí màá máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tó bá ń jáde lẹ́nu àwọn ọlọ́gbọ́n.

Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ oṣù méje. Kò sí ará ilé náà tí kò ní ìtàn ọmọ oṣù méje kan lápò. Oṣù méje ni wọ́n bí adájọ́ kan. Oṣù méje ni wọ́n bí ọ̀gá báńkì kan. Àbúrò ìyá ẹnìkan lo oṣù méje nínú, ó sì kàwé títí ìwé fi sú u. Wọ́n ní ọmọ oṣù mẹ́jọ ni kì í dúró, pé oṣù méje ti gbó tán. Ta ló wọn gbígbó rẹ̀ wò? Ta ló bi oyún léèrè? Nígbà tí èmi wá bí ọmọbìnrin mi ní oṣù méje, ìyá ọkọ mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ti dé, pé ọgbọ́n ló ń kán an lójú tí kò fi lè dúró kó parí oṣù.

Ọgbọ́n kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹsẹ̀ mi wú, ojú mi ń ṣú, dókítà sì ní tí wọn ò bá tètè gbé ọmọ náà jáde, àwa méjèèjì la ó bá a lọ. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí gíláàsì tó ń móoru. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ kò ju ìka mi kan lọ. Mò ń fún ọmú sínú ife, àwọn nọ́ọ̀sì ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín kan tí wọ́n kì bọ imú rẹ̀ dà á sí i nínú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Àgbà tiwa wà lọ́jà lóòótọ́, ọjà aṣọ ni. Ìyá ọkọ mi wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yọjú wo inú gíláàsì, wọ́n ní òórùn oògùn ibẹ̀ ń fọ́ àwọn lórí, wọ́n sì padà sílé lọ sọ fún àdúgbò pé ọlọ́gbọ́n wà lọ́nà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀, dókítà ní fún ìgbà díẹ̀, kí n máa ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti ọjọ́ tó yẹ kí n bí i, kì í ṣe láti ọjọ́ tí mo bí i, kí àyà mi má baà máa já tó bá pẹ́ kó tó ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó ní kí n máa ṣọ́ ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, kí n sì máa gbé e wá fún àyẹ̀wò. Mo délé, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí gèlè orí wọn fi tú.

“Ìyàwó, èèyàn a máa ní ọjọ́ ìbí méjì? Ẹran tí a fi sọ ọ́ lórúkọ ńkọ́, ká lọ sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Bí ìyá rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, dandan ni kó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé eyín kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bí àyẹ̀wò ṣe dópin nìyẹn, nítorí tí mo bá ti múra, wọ́n á ní ta lara rẹ̀ ò yá.

Ó pẹ́ kí ọmọ mi tó jókòó, ó pẹ́ kó tó rìn. Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, kò pẹ́ rárá. Ó mọ oríkì ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ó lè sọ fún oníbàárà irú aṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìdì. Ṣùgbọ́n ní kó bu omi sínú ife: ilẹ̀ ló máa mu ún. Bọ́tìnnì rẹ̀ kì í bá ihò pàdé. Tó bá ń jẹ ìrẹsì, àyà rẹ̀ ń bá a jẹ níbẹ̀. Tó bá ń rìn lórí sìmẹ́ńtì tó sì kan táìlì, á dúró, á máa fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ odò, nígbà tó jẹ́ pé ọgbọọgba ni ilẹ̀ náà tẹ́. Ìyá ọkọ mi ní ọgbọ́n ló pọ̀ jù lórí rẹ̀ tí kò jẹ́ kó wo ilẹ̀. Ọkọ mi ní á dàgbà kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó tó ọmọ ilé-ìwé, wọ́n ní kó gbé apá gba orí kọjá kó fi di etí kejì mú, bí wọ́n ṣe ń dán àwọn ọmọ wò látijọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò dé. Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n fà á. Apá kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń ná tó fi máa lé sí i, ṣùgbọ́n wọ́n fà á títí ọmọ fi pariwo, wọ́n wá ní ó ti kan etí, ẹ ò rí i bí? Ọ̀gá ilé-ìwé náà, tó jẹ́ oníbàárà wọn, ní òun rí i. Wọ́n gbà á wọlé. Lọ́jọ́ tí tíṣà ní kí wọ́n ya ilé, ọmọ mi ya ògiri síbí, ó ya òrùlé sọ́hùn-ún, ìlẹ̀kùn wà ní ìta níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè wọlé. Tíṣà ní kò fara balẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ìwé náà, pẹ́ńsùlù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lu. Ọmọ tó tẹ ọwọ́ mọ́ pẹ́ńsùlù tó báyẹn, kí ni wọ́n ń pè ní ìfarabalẹ̀?

Ilé-kéwú nìkan ni ibi tó ti jẹ́ ọba. Inú àgbàlá wa ni àáfáà ti ń kọ́ àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́. Ohun tí àáfáà bá ké lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wọ ọmọ mi lórí nìyẹn, kò tún ní jáde mọ́. Ohùn rẹ̀ sì dùn. Ìyá ọkọ mi á gbé àga wọn síta, tí ọmọ náà bá ti ké e dópin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí kì í: wọ́n á kì í mọ́ bàbá rẹ̀, wọ́n á kì í mọ́ bàbá bàbá rẹ̀, wọn ò sì ní ṣàì fi oríkì ti ara wọn há a láàárín. Àwọn ará ilé á dá sí i. Láti ojú fèrèsé mi, mò ń rí ọmọ náà bó ṣe ń na ọrùn láti gba oríkì yẹn sára, bí ẹni tí oòrùn àárọ̀ ń ta sí.

Ẹ mọ̀ pé igi tín-ín-rín ni àwọn ọmọ kéwú fi ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n ń kà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo gbé ojú sókè. Ẹnu ọmọ mi ń lọ geere, kò kọsẹ̀. Igi ọwọ́ rẹ̀ ń rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka kéwú bọ̀ sí òsì. Igi náà rìn títí ó fi bọ́ kúrò lórí ìwé, ó ń tọ́ka sí ẹní, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró. Nígbà tí àwọn yòókù ṣí ojú ewé, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó sáré ṣí tirẹ̀ náà, méjì lẹ́ẹ̀kan. Àáfáà di ojú, ó ń mi orí sí ohùn dídùn. Ìyá ọkọ mi ń kì í lọ ràì.

Mo pè é wọ ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà ka kéwú díẹ̀ ní Ọ̀fàdà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà kan gàdàgbà sórí aṣọ dúdú, ó mọ̀ ọ́n. Mo kọ òmíràn, ó mọ̀ ọ́n. Mo wá ṣí ìwé rẹ̀, mo ní kó wá lẹ́tà kan náà jáde fún mi láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké gbogbo ojú ewé náà láti orí. Mo ní rárá, kó fi hàn mí. Ó gbé ìka lé e níbi kan, ó ń wo ojú mi bóyá ibẹ̀ ni. Kò wo ìwé rárá.

Mo mú páálí, mo fi àlùmọ́gàjí gé ihò gbọọrọ kan sí i láàárín, mo gbé e lé ìwé náà kó lè jẹ́ pé ilà kan ṣoṣo ló ń yọjú. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó kà á. Ó falẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á. Mo jókòó sílẹ̀ nínú àgékù aṣọ. Ọmọ yìí kì í ṣe olódo, kì í ṣe àáfáà àgbà tí wọ́n ń pè é náà. Inú bí mi débi pé mi ò lè ránṣọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ká lọ rí obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo bí ojú àti ọwọ́ àwọn ọmọdé ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ó ní kí ọmọ mi to ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn. Ó ya òbìrípo, ó ya àgbélébùú, ó ya onígun mẹ́ta, ó ní kó wò wọ́n ya. Òbìrípo tí ọmọ mi yà ṣe é wò. Onígun mẹ́ta ní igun tí kò lóǹkà. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà bi í ní ìbéèrè ọ̀rọ̀ ẹnu, ọmọ mi dáhùn títí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

“Màmá,” ó ní, “ọmọ yín gbọ́n. Ojú rẹ̀ náà sì ríran. Ohun tó ṣòro fún un ni kí ọpọlọ rẹ̀ tú ohun tí ojú rí sí wẹ́wẹ́, kó wá rán ọwọ́ níṣẹ́. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù máa ń ní in, torí pé nígbà tí ọpọlọ ṣì ń la ọ̀nà yẹn ni wọ́n jáde. Kì í ṣe gbogbo wọn.”

“Ṣé á lọ?”

“Á dín kù, tí a bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, á máa fi ẹnu bò ó títí ìwé á fi le ju ohun tí ẹnu lè bò. Ìgbà yẹn ni wọ́n á pè é ní olódo, òun náà á sì gbà. Ẹ ní kí bàbá rẹ̀ bá yín wá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí, ilé la ti ń ṣe é, gbogbo ilé ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i.”

Gbogbo ilé! Mo padà sílé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ sí ilé eṣinṣin pé kó lọ wàásù nípa oyin. Mo kúnlẹ̀, mo ṣe é ní àlàyé. Ìyá ọkọ mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, èyí tí wọn kì í ṣe.

“Ọmọ tó ń ké kéwú bí àáfáà àgbà lo gbé lọ fún àwọn onílé ìwòsàn, pé kí wọ́n bá ẹ wá àléébù sí i lára?”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò sọ pé àléébù ni. Wọ́n ní kí a ràn án lọ́wọ́.”

“Tí ayé bá gbọ́, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?”

Ọmọ tí kò tíì lè di bọ́tìnnì, wọ́n ti ń wá ọkọ fún un. Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ń wo fóònù rẹ̀. Ó ní ká ṣe sùúrù. Ọkọ mi fẹ́ràn sùúrù bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í bù ú sí. Kó tó di pé mo dìde lórí eékún, ìyá ọkọ mi ti pinnu pé kí wọ́n ṣe wòlímà fún ọmọ náà, kó ka kéwú sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé kò tíì ṣe tiwọn. Wọ́n ní ìyẹn ló máa pa àwọn abanijẹ́ lẹ́nu mọ́. Èmi ni abanijẹ́. Mo sọ fún àáfáà wa pé ọmọ mi kò ka ìwé, pé orí ló fi ń ké e. Àáfáà ní orí náà ni kéwú ń gbé, kí n fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ta kánópì bo àgbàlá. Mo rán aṣọ funfun fún ọmọ mi, mo fi síìpù sí i dípò bọ́tìnnì kó má baà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìjàkadì. Ó jókòó, ó gbé ìwé síwájú, ó mú igi. Ó ké e. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ohùn yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn èèyàn ń pariwo ìyìn, ìyá ọkọ mi dìde sókè wọ́n ń kì í, wọ́n ń na ọwọ́ sí mi láàárín oríkì pé kí n wá wò ó.

Àáfáà àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti Kọ́bapẹ́ wá, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó kàn fẹ́ bu iyì kún ọmọ náà ni. Ó gba ìwé, ó ṣí i sí àárín, ó gbé ìka lé ilà kan.

“Ọmọ wa, Ọlọ́run á bùkún ọ. Bá wa ka ibí yìí.”

Ọmọ mi wo ibẹ̀. Igi rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ wá sísàlẹ̀, ó padà lọ sókè. Ó gbé ojú sí bàbá náà, ó fi ohùn wẹ́ẹ́rẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ké ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ké ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, màá ké e parí.”

Ẹnìkan fọn ẹ̀rín jáde lẹ́yìn. Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n adìyẹ tí a rí fùrọ̀ rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ọmọ mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni mi ò tíì dárí rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni títí dòní.

“Ayé!” Ìyá ọkọ mi lọgun. “Wọ́n ti dí ọmọ mi lójú! Ayé ti ṣe é!”

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìyá ọkọ mi wo ẹ̀yìn, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́, wọ́n wò káàkiri láàárín àwọn àlejò tí wọ́n fúnra wọn pè, wọ́n wá fi ojú lé mi. Wọ́n ní èmi tí mo gbé ọmọ kiri ilé ìwòsàn, ẹni tí mo lọ fi ọmọ hàn ni kí n lọ bá kó tú u sílẹ̀. Mo dìde ní ẹ̀yìn, mo la àárín èrò kọjá, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Níbi tí mo ti wá, ìkúnlẹ̀ la fi ń bá àgbà jà.

“Ìyá, kò sí ayé kankan níbí,” mo ní, mo sì jẹ́ kí ohùn mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́nu géètì. “Ọmọ yìí kò rí ilà yẹn. Kò rí i rí. Láti ọjọ́ tó ti ń kà á níwájú àga yín, igi ọwọ́ rẹ̀ kò tọ́ka sí ohun tó ń ké. Ẹ̀yin tí ẹ ń kì í, ta ló wo igi rẹ̀ nínú yín?”

Àáfáà wa ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá Kọ́bapẹ́ yẹn rọra pa ìwé dé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lọ sinmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan ṣe àmín sí. Wọ́n jẹun kíákíá, wọ́n lọ.

Nígbà tí àgbàlá ṣófo, ọmọ mi ṣì jókòó lórí ẹní, ó ń fi ìka wá orí síìpù rẹ̀. Ọkọ mi dé. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀. Mi ò rí i kó lóṣòó síwájú ọmọ rí, ìjókòó ló máa ń wà tí ọmọ á wá bá a. Ìyá rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ṣì ń mí gúlegúle, wọ́n ń to orúkọ àwọn ọ̀tá lẹ́nu.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún wa pé o ò rí i?” ọkọ mi bi í.

“Ẹ ò bi mí,” ọmọ mi ní. “Tí mo bá ti ké e tán, Ìyá Àgbà á kì mí, gbogbo yín á máa yọ̀. Mo rò pé tí mo bá sọ pé mi ò rí i, ẹ ò ní kì mí mọ́.”

Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ irú aṣọ tó wà nínú ìdì fún oníbàárà. Ìyá ọkọ mi dẹ́kun orúkọ ọ̀tá tí wọ́n ń pè. Ọkọ mi fi ọwọ́ nu ojú, ó tún nù ún, ó wá sọ láìwo ìyá rẹ̀ pé lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra òun lòun máa gbé ọmọ náà lọ bá obìnrin ilé ìwòsàn. Mo dúró, mo ti kó èébú jọ sẹ́nu de ìyá ọkọ mi, ohun tí mo ti ń kó pamọ́ láti ọdún wọ̀nyí, kí wọ́n ṣáà sọ ọ̀rọ̀ kan péré.

Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó wo ìyá àgbà rẹ̀.

“Tí a bá dé ọ̀hún, tí mi ò sì rí i,” ó ní, “ṣé ẹ ṣì máa kì mí?”

Ìyá tí oríkì kì í wọ́n lẹ́nu wọn la ẹnu, wọ́n wá a, wọn ò rí i. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, wọ́n jókòó tì í lórí ẹní.